Ìfọwọ́sí igbó lábẹ́ òfin àti wíwa ọkọ̀ lábẹ́ ipa oògùn ní Ìjọra

Ìfọwọ́sí igbó lábẹ́ òfin àti ìṣòro wíwa ọkọ̀ lábẹ́ ipa oògùn jẹ́ àríyànjiyàn tí ó kan òfin, ìlera àti ààbò ojú pópó ní Nàìjíríà. Igbó ni orúkọ tí àwọn Yorùbá ń pe ewé tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ mọ̀ sí Cannabis sativa, tí ó máa ń pa ènìyàn bí ọtí. Òfin Nàìjíríà kò gba gbígbìn, títà tàbí mímu rẹ̀ láàyè. Síbẹ̀, láti nǹkan bí ọdún 2019 ni àwọn olóṣèlú kan ti ń bèèrè pé kí ìjọba fọwọ́ sí lílò rẹ̀ fún ìwòsàn àti fún iṣẹ́ ilé-iṣẹ́. Lára èsì tí àwọn alátakò máa ń fọ̀ ni pé ìjàǹbá ọkọ̀ yóò pọ̀ sí i. Àyọkà yìí yẹ èsì náà wò láti Ìjọra, àdúgbò kan ní Èkó tí tírélà, tánkà àti dánfó ń gba inú rẹ̀ kọjá tọ̀sán-tòru. Ohun tí ó hàn níbẹ̀ ni pé ìṣòro awakọ̀ tí oògùn ń pa ti wà kí ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí tó dé, àti pé bí òfin ṣe le tó lórí ewé náà, kò tíì fún ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní ọ̀nà tí yóò fi dá awakọ̀ tí kò yẹ ní ìdí sítíárìn mọ̀.

Ìjọra àti ọ̀nà inú rẹ̀

Ìjọra wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àpápá, ní ẹ̀gbẹ́ Ìgànmú, kò sì jìnnà sí Èbúté Mẹ́ta àti èbúté ọkọ̀ ojú omi Àpápá. Ìjọra Badia àti Ìjọra Olóyè wà lára àwọn apá rẹ̀. Afárá Èkó, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1965, ni ó so agbègbè yìí pọ̀ mọ́ Erékùṣù Èkó, ọ̀nà tí ó lọ sí Àpápá àti èyí tí ó lọ sí Sùúrùlérè sì pàdé nítòsí rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ẹrù tí ó ń ti èbúté jáde ni ó ń gba orí tàbí abẹ́ afárá Ìjọra kọjá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn obìnrin tí ń ta ẹja, àwọn ọmọ ilé-ìwé àti àwọn èrò tí ń dúró de ọkọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn awakọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ará Ìjọra. Ọ̀nà ni ó gbé wọn débẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ni ó ń gbé pẹ̀lú ewu náà.

Ohun tí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lè fà ti hàn ní Òjúẹlẹ́gba, tí kò jìnnà sí Ìjọra. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀ńténà kan já bọ́ láti orí afárá Òjúẹlẹ́gba, ó sì pa ènìyàn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, kọ̀ńténà mìíràn já lu bọ́ọ̀sì akérò ní ibẹ̀ kan náà. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó kú, ọmọdé méjì sì wà lára wọn. Oríṣiríṣi ni ohun tí ó ń fa irú ìjàǹbá báyìí: kọ̀ńténà tí wọn kò há mọ́ ara ọkọ̀ dáadáa, bíréèkì tí kò ṣiṣẹ́, eré àsápajúdé, ọ̀nà tí ó ti bàjẹ́, àti awakọ̀ tí ara rẹ̀ kò dá ṣáṣá. Àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ a máa fi àmì sílẹ̀ lára irin tàbí lára ọ̀nà. Ìkarùn-ún a máa parẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀ bí a kò bá tètè yẹ̀ ẹ́ wò.

Òfin lórí igbó

Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọdún 1966, wọ́n gbé àṣẹ kan jáde lórí igbó. Àṣẹ náà sọ pé ẹni tí ó bá gbìn ín lè gba ìdájọ́ ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21. Àtúnṣe ọdún 1975 yọ ìdájọ́ ikú kúrò, ó sì dín ìjìyà ẹni tí ó kàn ń mu ún kù. Àṣẹ 48 ti ọdún 1989 ni ó dá àjọ tí ń gbógun ti oògùn olóró, NDLEA, sílẹ̀. Lábẹ́ òfin àjọ náà, ẹni tí ó bá kó oògùn olóró wọ̀lú, tí ó gbìn ín tàbí tí ó tà á lè lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére, ẹni tí ó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ ní in lọ́wọ́ lè gba ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25.

Ewé náà gan-an ni gbogbo òfin wọ̀nyí dojú kọ: ta ni ó gbìn ín, ta ni ó tà á, ọwọ́ ta ni a ti bá a. Ọ̀ràn Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ní ọdún 1974 fi èyí hàn. Àwọn ọlọ́pàá ya wọ ilé rẹ̀ ní Agége Motor Road, wọ́n gbà pé ó ti gbé igbó mì, wọ́n sì tì í mọ́lé títí yóò fi yàgbẹ́, kí wọ́n lè fi ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Àyẹ̀wò kò rí igbó kankan. Fẹlá fi ìṣẹ̀lẹ̀ náà kọ orin “Expensive Shit”, tí ó jáde ní ọdún 1975. Ìtàn náà pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀kọ́ fún ẹni tí ó ń kọ́ nípa òfin: ìjọba lè wá ewé náà dé inú ìfun ènìyàn láìbèèrè rárá bóyá ẹni náà ń ṣe ohun kan tí ó lè pa ẹlòmíràn lára.

Ìfòfindè náà kò sì mú kí igbó wọ́n. Ìwádìí lórí lílo oògùn ní Nàìjíríà tí àjọ UNODC ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti àjọ NBS tí ń ka ìṣirò ní Nàìjíríà gbé jáde fún ọdún 2018 sọ pé nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 10.6 ni ó ti lo igbó láàárín ọdún kan. Èyí jẹ́ ìdá 10.8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 64. Bí a bá ka gbogbo oògùn olóró pọ̀, àti oògùn òyìnbó tí ènìyàn lò láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́ fún un, Èkó ni iye rẹ̀ ga jù lọ, ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, ó ṣòro láti rò pé ìdí sítíárìn nìkan ni oògùn kò tíì dé.

Òfin ojú pópó

Òfin ojú pópó ni ó yẹ kí ó bèèrè bí awakọ̀ ṣe rí. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, tí òfin ọdún 2007 sì tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ka wíwa ọkọ̀ lábẹ́ ipa ọtí tàbí oògùn sí ẹ̀ṣẹ̀. Ní ti ọtí, òṣùwọ̀n wà: kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 0.05 lọ nínú mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí awakọ̀ ń fẹ́ èémí sí lè wọ̀n ọ́n lójú ọ̀nà. Ní ti igbó, gbólóhùn “lábẹ́ ipa” nìkan ni ẹ̀ṣọ́ ní lọ́wọ́, kò ní òṣùwọ̀n.

Owó ìtanràn tí FRSC kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ yìí nínú ìwé ẹ̀sùn rẹ̀ jẹ́ ₦5,000. Bí a bá gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ òfin NDLEA, ohun àjèjì kan yọ jáde. Awakọ̀ tánkà tí ojú rẹ̀ dá, ṣùgbọ́n tí a bá igbó nínú àpò rẹ̀, lè dojú kọ ẹ̀wọ̀n ọdún 15. Ẹnì kejì rẹ̀ tí ó ti mu tirẹ̀ tán, tí orí rẹ̀ ń yí, tí àpò rẹ̀ sì ṣófo, ìwé ìtanràn ₦5,000 ni ó kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹni tí ó léwu jù fún àwọn tí ń bẹ lábẹ́ afárá Ìjọra ni ìjìyà rẹ̀ fúyẹ́ jù.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní àwọn àjọ tirẹ̀ pẹ̀lú. LASTMA, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2000, ń darí ọkọ̀ ní ìkóríta. Ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ ti ìpínlẹ̀ náà, LASDRI, ń dá àwọn awakọ̀ akérò lẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ LASTMA ni kí ọkọ̀ má ṣe dí ọ̀nà, iṣẹ́ LASDRI ni kí awakọ̀ mọ òfin. Wíwo ara awakọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó ń gbé èrò kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan pàtó láàárín wọn.

Ìdí tí àyẹ̀wò fi ṣòro

Ọtí a máa tàn ká inú omi ara. Iye rẹ̀ nínú èémí ń tẹ̀lé iye rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, bí ó sì ti pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ ni ó máa ń pa ènìyàn tó. Ohun tí ń pa ènìyàn nínú igbó, tí à ń pè ní THC, kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ọ̀rá ara ni ó máa ń sá pamọ́ sí. Bí ènìyàn bá fa igbó, THC yóò ga nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò sì já wálẹ̀ kíákíá nígbà tí orí ẹni náà ṣì ń yí. Ẹni tí ó ń mu ún lójoojúmọ́, ní tirẹ̀, lè ní díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn tí ó ti dá a dúró. Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Ní ọdún 2016, ìwádìí ilé-iṣẹ́ AAA Foundation ní Amẹ́ríkà sọ pé kò sí iye THC kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lè fi ya awakọ̀ tí ó yẹ kúrò lára èyí tí kò yẹ.

Àyẹ̀wò ìtọ̀ ni ó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà nítorí pé kò wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyókù tí ara ti lò tán ni ó ń wá, ìyókù náà sì lè fara hàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lára ẹni tí ó ń mu igbó déédéé. Nítorí náà, ó lè mú awakọ̀ tí ó mu igbó ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, kí ó sì fi èyí tí ó mu ògógóró ní òwúrọ̀ yìí sílẹ̀. Itọ́ ẹnu sàn ju ìtọ̀ lọ ní ọ̀nà yìí, nítorí pé lílò àìpẹ́ ni ó sábà máa ń fi hàn. Síbẹ̀, kò lè sọ bí oògùn náà ti ń pa ènìyàn tó.

Ewu náà kì í ṣe àròsọ. Igbó a máa fa ìdáhùn ara awakọ̀ sẹ́yìn, kì í jẹ́ kí ó lè fọkàn sí ohun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a sì máa mú kí ọkọ̀ rẹ̀ yà bàrá kúrò ní ìlà. Àkójọ ìwádìí kan tí ó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ ní ọdún 2012 fi hàn pé ewu ìjàǹbá fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì fún ẹni tí ó wa ọkọ̀ lẹ́yìn tí ó mu igbó. Àtúnyẹ̀wò mìíràn ní ọdún 2016 ní ó ga díẹ̀ ni, kò tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé ewu a máa pọ̀ gan-an bí igbó bá pàdé ọtí. Èyí kan Èkó tààrà, nítorí pé ní ìdíkọ̀, páragà kì í jìnnà sí ọwọ́ awakọ̀, àwọn kan sì máa ń rẹ igbó sínú ògógóró gan-an.

Àárẹ̀ tún da ọ̀rọ̀ náà rú. Kí àjọ tí ń ṣe àkóso èbúté, NPA, tó bẹ̀rẹ̀ ìlànà ìpè orí ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní Ètò ní oṣù Kejì ọdún 2021, àwọn awakọ̀ tírélà a máa sùn sínú ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí ìlà tí ó lọ sí Àpápá. Ojú pupa, ọ̀rọ̀ tí ń fà àti ìdáhùn tí kò yá lè jẹ́ ti igbó, wọ́n sì lè jẹ́ ti àìsùn. Ẹ̀ṣọ́ tí ó dúró ní ìsàlẹ̀ afárá kò lè fi ojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí ẹ̀rí kò bá sì ju ohun tí ẹ̀ṣọ́ sọ pé òun rí lọ, ìdájọ́ á di ìdúnàádúrà lójú ọ̀nà. Awakọ̀ tí ó lówó lọ́wọ́ á kọjá, yálà ara rẹ̀ dá tàbí kò dá.

Ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe

Kánádà fọwọ́ sí igbó fún àwọn àgbàlagbà ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 2018. Òfin ojú pópó tuntun ti wà nílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Awakọ̀ tí a bá nánógíráàmù 2 sí 5 THC nínú mílílítà kan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí méjì tí ó wa ọkọ̀ jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ kékeré. Bí ó bá tó 5, ẹ̀ṣẹ̀ náà wúwo sí i. Òṣùwọ̀n mìíràn tí ó kéré wà fún ẹni tí ó da igbó pọ̀ mọ́ ọtí. Jámánì fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹjọ ọdún náà, ó gbé òṣùwọ̀n tirẹ̀ kúrò ní nánógíráàmù 1 sí 3.5. Àwọn iye wọ̀nyí kò bá ara wọn mu, nítorí pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nìkan kọ́ ni ó bí wọn. Ìpinnu àwọn aṣòfin ni wọ́n jẹ́, lórí iye ewu tí ìlú kan lè gbà.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó yẹ kí Nàìjíríà wò dáadáa, nítorí pé kò fọwọ́ sí igbó fún fàájì. Síbẹ̀, láti oṣù Kẹta ọdún 2015 ni ó ti ní òṣùwọ̀n máíkírógíráàmù 2 THC nínú lítà kan ẹ̀jẹ̀ fún awakọ̀. Ọlọ́pàá a máa fi nǹkan kékeré gba itọ́ ẹnu awakọ̀ lójú ọ̀nà; bí ó bá fi oògùn hàn, wọn á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní àgọ́. Ẹni tí dókítà kọ ọ́ fún, tí ó sì tẹ̀lé ìlànà dókítà, lè fi èyí dá ara rẹ̀ láre, bí kò bá jẹ́ pé ìwakọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ọmọ Yorùbá tí ń wa bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù wà lábẹ́ àyẹ̀wò tí ẹnì kejì rẹ̀ ní Ìjọra kò mọ̀ rí.

Ní Áfíríkà, ilé ẹjọ́ tí ń ṣe ìtumọ̀ òfin orílẹ̀-èdè ní Gúúsù Áfíríkà dá a láre ní ọdún 2018 pé àgbàlagbà lè lo igbó ní ìkọ̀kọ̀. Ní Gánà, òfin ọdún 2020 fi àyè gba irú igbó tí THC rẹ̀ kò ju ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, fún iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ àti ìwòsàn. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọ́gi lé apá òfin náà ní ọdún 2022 nítorí ìlànà tí ilé aṣòfin kò tẹ̀lé, àwọn aṣòfin sì tún un ṣe ní ọdún 2023.

Àríyànjiyàn ní Nàìjíríà

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, Rótìmí Akérédolú, gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, rin ìrìn àjò lọ sí Thailand pẹ̀lú olórí NDLEA láti wo bí wọ́n ṣe ń fi igbó ṣe oògùn ìwòsàn. Lójú rẹ̀, ohun tí ó ń hù nínú igbó ìpínlẹ̀ rẹ̀ lè di owó fún ìjọba. Ní ọdún 2021, ìpàdé wáyé ní Àkúrẹ́ lórí àbá láti tún òfin ṣe, tí Benjamin Kalu ti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin wà lára àwọn tí ó ṣe agbátẹrù rẹ̀. Buba Marwa, tí ó di olórí NDLEA ní ọdún náà, tako àbá yìí gidigidi. Ó ní ìlú tí mílíọ̀nù 10.6 ènìyàn ti ń lo igbó kò gbọdọ̀ ṣí ilẹ̀kùn sí i.

Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ènìyàn sábà máa ń pè ní ìfọwọ́sí. Èkíní ni gbígbin irú tí THC rẹ̀ kéré fún òwú, epo àti pépà; kò kan awakọ̀ rárá. Èkejì ni oògùn tí dókítà kọ; ó kan awakọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn oògùn mìíràn tí ń fa oorun ṣe kàn án. Ẹ̀kẹta ni mímu ún fún fàájì, kò sì sí nínú ohun tí Akérédolú bèèrè. Ẹni tí ó bá fi ìjàǹbá ọkọ̀ tako èkíní ti gbé ẹ̀sùn ka ibi tí kò sí. Àwọn tí ń ṣe agbátẹrù náà ní àṣìṣe tiwọn: owó tí yóò wọlé ni wọ́n ń kà, ẹnu wọn kì í sì í sábà dé ọ̀rọ̀ ojú pópó.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì dúró de ìpinnu Àbújá. Láàárín ọdún mélòó kan sẹ́yìn, NDLEA àti àwọn aṣọ́bodè ti gba igbó tí a ń pè ní “Canadian Loud” léraléra ní àwọn èbúté Èkó, nínú kọ̀ńténà ọkọ̀ àlòkù tí ó ti Kánádà wá. THC inú rẹ̀ sábà máa ń ga. Òfin tí ìlú kan ṣe ní òkè òkun ti dé Àpápá, ọ̀nà Ìjọra sì wà lára ọ̀nà tí ẹrù ń gbà wọ ìgboro.

Ohun tí ó kan ojú pópó

Láti inú gbogbo èyí, ohun mẹ́rin hàn tí ìjọba lè ṣe láìdúró de ìfọwọ́sí tàbí ìkọ̀sílẹ̀ igbó. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ̀ṣọ́ kọ́ ìdánwò ìṣesí: kí awakọ̀ rìn lórí ìlà, kí ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kí ó fi ojú tẹ̀lé ìka. Kí ẹ̀rọ ayàwòrán sì ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ilé ẹjọ́ lè rí ohun tí ẹ̀ṣọ́ rí. Irú ìdánwò yìí kò bèèrè bóyá igbó, ọtí, tírámádólù tàbí àìsùn ni. Bóyá ẹni náà lè wa ọkọ̀ ni ó ń bèèrè. Èkejì ni kí àyẹ̀wò itọ́ ẹnu àti ẹ̀jẹ̀ rọ́pò ti ìtọ̀ nínú ọ̀ràn ojú pópó. Ẹ̀kẹta ni kí àyẹ̀wò jẹ́ dandan láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá tí ó pa ènìyàn, kí ìlú lè mọ ipa tí oògùn ń kó nínú rẹ̀ ní tòótọ́. Ẹ̀kẹrin ni kí ìjìyà bá ewu mu: kí wíwa tánkà nígbà tí oògùn ń pa ènìyàn wúwo ju ₦5,000 lọ.

Owó ni ìdíwọ́ tí ó kọ́kọ́ wà. Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọ́n, ẹ̀rọ èémí fún ọtí gan-an kò sì tíì dé gbogbo ibi tí ó yẹ. Ìdánwò ìṣesí kò bèèrè ju ẹ̀kọ́, ìlà funfun lórí ilẹ̀ àti ẹ̀rọ ayàwòrán lọ. Ìdíwọ́ kejì ni ìgbẹ́kẹ̀lé. Awakọ̀ tí ó mọ̀ pé àyẹ̀wò lè sọ òun sẹ́wọ̀n ọdún 15 yóò sá tàbí kí ó san owó abẹ́tẹ́lẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá jẹ́ ti ojú pópó nìkan, tí ìjìyà rẹ̀ sì jẹ́ gbígba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ìdí láti sá yóò dín kù.

Yálà àwọn aṣòfin fọwọ́ sí igbó lọ́la tàbí wọn kò fọwọ́ sí i láéláé, tírélà yóò tún gba Ìjọra kọjá lálẹ́ òní. Obìnrin tí ó gbé ọjà rẹ̀ kalẹ̀ lábẹ́ afárá kò lè mọ ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ń wa ọkọ̀ lókè orí rẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ni láti rí i pé ẹnì kan mọ̀.